Bí Mo Ṣe Fi Àna Mi Jẹ Onílé Lórí Ìkànnì

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kó tó di pé ìyàwó mi bá yín sọ ọ́. Bó bá jẹ́ òun ló sọ ọ́, ó máa ń fi ata sí i, ó sì máa ń dìde dúró láàárín ọ̀rọ̀ kó lè fi bí mo ṣe ń rìn hàn. Èmi á sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ò kúkú ń sá lọ, ẹni tó ń sọ ọ́ ni kó má sáré.

Ilé àlejò kékeré kan la ní ní GRA nílùú Enugu, èmi àti ìyàwó mi. Yàrá méje ni. Àwọn tó wá ṣe iṣẹ́ ìjọba, àwọn tó wá wo ọmọ wọn nílé ẹ̀kọ́, àti àwọn ará ilé wa láti ilẹ̀ Yorùbá tó fẹ́ sùn síbi tí wọ́n á ti gbọ́ "ẹ kú àárọ̀" kí wọ́n tó mu tíì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń dé sí. Ọmọ Enugu ni ìyàwó mi, ọmọ Ọ̀yọ́ lèmi. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń gbé ìlú yìí, síbẹ̀ bí mo bá sọ Ígbò lọ́jà, àwọn obìnrin á ní kí n tún un wí. Kì í ṣe pé kò yé wọn. Ó kàn ń dùn mọ́ wọn ni.

Ẹnì kẹta wa ni obìnrin tó ń jókòó níwájú ilé, tó ń gba àlejò wọlé. Ọmọ Ígbò ni, ṣùgbọ́n Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, nítorí náà Yorùbá ẹnu rẹ̀ dán ju ti àwọn ọmọ tí mo bí lọ. Obiagu ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbàlagbà, iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́dọ̀ wa làwọn méjèèjì sì ń jẹ. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Òun ló mọ àlejò tí kì í jẹ ẹyin, òun ló mọ èyí tó ń fẹ́ irọ̀rí méjì, òun náà ló ń dá àwọn tó bá kọ̀wé sórí ìkànnì wa lóhùn.

Ìkànnì náà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní wẹ́bùsáìtì, pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo la fi ń ṣí i. A kọ ọ́ sára páálí, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tó ń gbé gáàsì wá mọ̀ ọ́n. Àlejò kan tiẹ̀ kà á sókè lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ṣé orúkọ ajá yín nìyí ni?" Orúkọ ajá wa ni lóòótọ́.

Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin tó ṣe ìkànnì náà fún wa gbọ́, ó fọwọ́ lérí. Ó ní kí n fún oníkálukú ní ọ̀nà ìwọlé tirẹ̀, kí páálí yẹn kúrò nílẹ̀. "Baba, ohun tí iṣẹ́ ẹnì kan bá gbà ni kẹ́ ẹ fún un. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kò gbọdọ̀ dín." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Etí mi kì í ṣe ọ̀lẹ, inú tó yẹ kó gbà á sílé ni kì í tètè ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo gbé awò ojú mi wọ̀, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ni pé ipò mẹ́ta ló wà. Onílé ló wà lókè pátápátá: òun ló lè ṣe ohun gbogbo, òun ló lè gba àlejò, òun ló lè fúnni ní ipò, òun ló sì lè gbà á. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ ẹ́. Olóòtú ló tẹ̀ lé e, ẹni tó lè kọ ọ̀rọ̀ tó sì lè fi àwòrán sí i. Òǹwòran ló wà nísàlẹ̀. Ojú nìkan ni tirẹ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa, tó bá rí àga mẹ́ta tí ọ̀kan ga ju ọ̀kan lọ, kò ní béèrè pé kí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lórí wọn. Ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ta ló dàgbà jù?"

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ọkùnrin ló dàgbà jù nínú wa. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ tí gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn ń wojú mi bí ẹni tó wá jí adìyẹ gbé, òun ló dìde tó ní kí wọ́n fún ọmọ Yorùbá yìí níyàwó. Òun náà ló bá wa wá ilé tá a sọ di ilé àlejò yìí rí. Báwo ni màá ṣe gun orí àga gíga, kí n wá ní kí irú àna bẹ́ẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀?

Ẹ̀rọ náà gbìyànjú láti gbà mí. Ó béèrè pé ṣé ó dá mi lójú. Ó ní bí mo bá ti gbé ipò Onílé fún ẹlòmíràn, n ò ní lè gbà á padà fúnra mi, àfi tí ẹni náà bá dá a padà. Mo ní, kí ni ẹ̀rọ mọ̀ nípa àna? Mo tẹ̀ ẹ́.

Bí mo ṣe fi àna mi jẹ Onílé nìyẹn. Èmi àti ìyàwó mi di Olóòtú. Obìnrin iwájú ilé, torí pé òun ló kéré jù, di Òǹwòran. Mo pe àna mi lórí fóònù, mo sọ oyè tí mo fi dá a lọ́lá. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "O ṣeun, ọgọ m." Ọgọ ni àwọn Ígbò ń pe àna. Mo rò pé ayọ̀ ló mú un dákẹ́. Mo fi ìdùnnú jẹ iṣu ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ó yẹ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí fún wa lásìkò yẹn, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Òjò ti lé àlejò sá. Odindi oṣù keje, yàrá méjì péré ló ń lẹ́ni nínú. Mo ti pe obìnrin iwájú ilé jókòó, mo sì sọ fún un pé bí oṣù kẹjọ bá tún rí bẹ́ẹ̀, a ó ti ibi ìgbàlejò yẹn pa, èmi àti ìyàwó mi á máa ṣílẹ̀kùn fún àlejò fúnra wa. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ní, "Mo gbọ́, Dádì." Láti ọjọ́ náà ló ti ń wo ìkànnì yẹn bí ẹni tó ń wo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ajé ó ké sí mi. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan."

Mo wò ó. Ìyá kan ló kọ̀wé láti Àkúrẹ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ gbé ọmọ Enugu níyàwó, wọ́n sì fẹ́ yàrá méjèèje fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní bí àwọn ò bá gbúròó wa títí di Ọjọ́bọ̀, àwọn á wá ibòmíràn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. "Dá wọn lóhùn kíá! Ní ká máa retí wọn."

"N ò lè dá wọn lóhùn."

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Ọwọ́ dà, Dádì? Ojú lẹ fún mi, ẹ ò fún mi lọ́wọ́. Ẹ wò ó." Ó tẹ bọ́tìnnì ìdáhùn. Bọ́tìnnì náà ṣe bí ẹni pé òun kọ́ ni wọ́n ń bá wí.

"Nọ́ńbà fóònù wọn ńkọ́? Ká pè wọ́n."

"Ìràwọ̀ ni wọ́n fi bò ó. Wọ́n ní Òǹwòran ò gbọdọ̀ rí i. Mo ti wá di ẹni tó ń wòran iṣẹ́ ara rẹ̀."

Mo ní kó sún kẹ́rẹ́, kí n lo tèmi. Èmi Olóòtú! Mo lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá wa tutù, mo lè fi àwòrán irọ̀rí hàn gbogbo ayé, ṣùgbọ́n n ò lè fi ẹnikẹ́ni sínú yàrá kankan. Ibi tí mo ti ń làágùn níbẹ̀ ni ìyàwó mi bá wa.

"Ta wá ni Onílé?" ó bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni."

Ó wá ibi kan jókòó. "Bàbá wọn, ẹ gbé ilé wa fún ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi rọ́bà de ẹ̀yìn fóònù ẹ̀ kí bátìrì má jábọ́."

"Ọ̀wọ̀ ni mo fi fún wọn. Àwọn ló dàgbà jù."

"Ìyá mi ló dàgbà jù. Ẹ bá gbé e fún wọn nígbà náà, ibojì wọn ò kúkú jìnnà."

Obìnrin iwájú ilé yí ojú sógiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

A pe àna mi. Fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. A pè é láàárọ̀, a pè é lọ́sàn-án, kò gbé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àlejò kan ló pe àwa, inú ń bí i. Ó ní òun ti yí àdúgbò wa po lẹ́ẹ̀mẹrin, òun ò rí géètì aláwọ̀ ewé.

"Funfun ni géètì tiwa, ọ̀gá," mo sọ fún un.

"Aláwọ̀ ewé ló wà lórí ìkànnì yín, sà. Bàtà pálapàla kan tiẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

A sáré lọ wò ó. Lóòótọ́, níbi tí àwòrán ilé wa máa ń wà, géètì kan ló dúró gbọin, àwọ̀ ewé tó ń dán, sálúbàtà méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó mi sún mọ́ ọn. "Géètì ẹ̀gbọ́n mi ní Emene nìyí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Bàtà wọn rèé." Èmi àti òun ò sì lè yọ ọ́ kúrò, torí ohun tí Onílé bá gbé síwájú, Onílé nìkan ló lè gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, ó wá ku ọjọ́ kan péré. Mo mọ̀ pé Emene ni mo gbọ́dọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò fẹ́. Ẹ sọ fún mi, báwo lèèyàn ṣe ń lọ gba oyè lórí àna rẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta péré ló jẹ ẹ́! Ìyàwó mi ní tí ẹnu mi ò bá gbà á, òun á sọ ọ́. Mo ní kò ṣeé ṣe, èmi ni mo fi wọ́n jẹ oyè, èmi ló yẹ kó sọ ọ́. Obìnrin iwájú ilé ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Dádì. Bó pẹ́ bó yá ẹ máa sọ ọ́, àmọ́ àwọn ará Àkúrẹ́ ò ní dúró de bó pẹ́."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀. Mo ra ẹmu lọ́nà, torí èèyàn kì í ṣánwọ́ lọ bá àna. Àwọn kẹ̀kẹ́ gba iwájú wa, wọ́n gba ẹ̀yìn wa, títí a fi dé ẹ̀bá pápákọ̀ òfurufú tá a sì yà sílé àna mi. A gba inú géètì aláwọ̀ ewé náà wọlé. Ó rẹwà, n ò ní purọ́.

Àna mi gbà wá tọ̀yàyà. Ó gbé obì kalẹ̀, ó gbàdúrà lé e lórí títí tí ẹsẹ̀ mi fi kú. Lẹ́yìn náà ló kàn mí láti sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, tí Ígbò díẹ̀ á sì máa ta sí i. Ẹ fojú inú rò ó ní èdè tiwa. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí òjò. Mo kúrò lórí òjò, mo bọ́ sórí ọ̀nà tó bàjẹ́. Mo ti ọ̀nà dé orí eegun àti oríkèé. Obìnrin iwájú ilé wúkọ́. Mo ní àgbàdo ọdún yìí ṣe dáadáa. Ó tún wúkọ́.

"Ọgọ m," àna mi já lu ọ̀rọ̀ mi, "jọ̀ọ́, kó o tó parí ọ̀rọ̀ àgbàdo, ẹ̀bẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́."

Ó wọlé lọ. Nígbà tó jáde, súwẹ́tà òtútù ló gbé lọ́wọ́, ó ká a bí ọmọ ọwọ́. Ó tú u. Fóònù rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

"Gbà á. Láti ọjọ́ Àìkú, nǹkan yìí ò jẹ́ kí n gbádùn. Ó ń dún, 'Ẹnì kan fẹ́ yàrá méje, ṣé o gbà?' Ó tún dún, 'Ẹnì kan ń retí rẹ lórí yàrá méje.' Yàrá méje wo? Yàrá mẹ́ta ni mo ní, àwọn ọmọ ọmọ mi sì ti gba méjì! Mo wá fi súwẹ́tà dì í, mo tì í sábẹ́ aṣọ."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wa?" ìyàwó mi bi í.

"Kí n ní kí ni? Ọkọ rẹ fún mi ní ẹ̀bùn, ṣé kí n jù ú padà sí i lójú? Wọ́n á ní mo kọ ẹ̀bùn àna."

"Géètì ńkọ́?"

"Ọmọ mi tó wà ní Abuja ló ní òun fẹ́ rí àwọ̀ tá a kùn ún. Mo fi ránṣẹ́, ó ní òun ò rí i. Ṣé ẹ̀yin rí i?"

"Gbogbo Nàìjíríà rí i," ìyàwó mi dá a lóhùn.

Àna mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi, ó sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, bó ti tọ́. "Ẹ̀yin Yorùbá yìí, ẹ lè dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀rọ. Gbọ́ mi. Ó lé lógún ọdún tí mo fi tọ́jú sítọ́ọ̀ ilé iṣẹ́ kan níhìn-ín ní Emene. Tí ọ̀gá wa pátápátá bá wọlé, gbogbo wa á dìde, èmi gan-an á kọ́kọ́ dìde. Ṣùgbọ́n kò ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀. Bó bá fẹ́ ìṣó kan ṣoṣo, á kọ̀wé fún mi. Ṣé mo rí i fín ni? Rárá o. Bí ìṣó bá sọnù, wọn ò ní bi í. Mo ń gbà á lọ́wọ́ wàhálà ni." Ó nàka sí obìnrin iwájú ilé. "Ta ló ń jókòó níbi tí àlejò ń gbà wọlé?"

"Èmi ni, Dádì."

"Báwo wá ni kọ́kọ́rọ́ ṣe dé Emene?"

Mo tẹjú mọ́ obì inú àwo bí ẹni tí wọ́n ní kó ka iye awẹ́ rẹ̀.

Obìnrin iwájú ilé jókòó ti àna mi, ó ń fi ibi tó máa tẹ̀ hàn án. Ẹ̀rọ náà béèrè lọ́wọ́ òun náà pé ṣé ó dá a lójú. "Ó ti dá mi lójú láti ọjọ́ Àìkú!" àna mi pariwo, ó sì tẹ̀ ẹ́. Báyìí ni mo ṣe di onílé ilé mi padà, lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àna mi.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe aájò àgbà. Mo sọ fún obìnrin náà pé kó máa kọ èsì, kó máa fi hàn mí kó tó fi ránṣẹ́.

"Tẹ́ ẹ bá wà ní ìpàdé àwọn àgbà ìjọ ńkọ́," ó bi mí, "èyí tí kì í tán?"

Ìyàwó mi ní, "Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni." 

Mo bá fún un ní gbogbo ọwọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ gbà: kó máa rí àlejò, kó máa dá wọn lóhùn, kó máa fi wọ́n sí yàrá. Ìyàwó mi dúró sórí ọ̀rọ̀ àti àwòrán, torí òun ló mọ bí a ṣe ń sọ pé ọbẹ̀ wa dùn láìṣe fọ́nńté. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà báǹkì wa sí, mo ní kí obìnrin iwájú ilé gba ìyẹn náà mọ́ ọn, torí ojú ń tì mí fún ohun tí mo ti ṣe. Ó kọ̀. "Ìyẹn, Dádì, ẹ mú un dání. Bí nǹkan bá yingin lọ́jọ́ kan, n ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa wò mí wò mí."

"Èmi ńkọ́?" àna mi béèrè.

Mo rẹ ohùn mi sílẹ̀. "Ó ku Òǹwòran, sà."

"Kí nìyẹn ń ṣe?"

"Ó kàn ń wò ni."

"Ṣé kì í pariwo?"

"Kì í pariwo."

"Ohun tó yẹ kó o ti fún mi látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Obìnrin iwájú ilé ò tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ wa mọ́. Ó ti ń kọ̀wé sí Àkúrẹ́. Ó kí wọn kú ìmúra, ó tọrọ àforíjì, ó ní yàrá wà. Ẹmu wà níwájú wa, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Kò pẹ́ tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ó kà á fún wa: "Ẹ kú ìdákẹ́ o. A rò pé ẹ ti kó kúrò nílùú ni. Àwọn ọkùnrin wa ti gba òtẹ́ẹ̀lì kan láàárọ̀ yìí, wọn ò ní lè yẹ̀ ẹ́ mọ́. Àwa ìyá la ò tíì rí ibi tó parọ́rọ́. Yàrá mẹ́rin la fẹ́."

Yàrá mẹ́ta ti bọ́. Ọ̀wọ̀ tí mo fún àna mi ló gbé wọn lọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Mo na ọrùn. "Sọ fún wọn pé kí àwọn ọkùnrin náà kúkú..."

"Dádì, ẹ jókòó." Ó ń kọ ọ́ lọ. Mo jókòó. Nígbà tó parí, ó kà á sókè: yàrá mẹ́rin náà ti di tiwọn, ẹ̀kọ àti àkàrà á wà láàárọ̀, bí àwọn ọkùnrin bá sì fẹ́ wá jẹun pẹ̀lú ìyá wọn, kí wọ́n ṣáà sọ iye wọn. Ìyá náà dáhùn pé, "Mọ́kànlá ni wọ́n, wọ́n sì ń jẹun gan-an."

Ìgbà yẹn la tó bu ẹmu.

Lójú ọ̀nà bá a ṣe ń padà bọ̀, mo sọ fún obìnrin iwájú ilé láti iwájú ọkọ̀, láìwẹ̀yìn, pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa títi ibi ìgbàlejò pa, kó gbà pé n ò sọ ọ́. Mo ní mo ti rí ohun tí ilé yẹn máa ń dà tí òun ò bá lọ́wọ́ níbẹ̀.

Ó ké sí ìyàwó mi, "Mà, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí Dádì wí?"

"Mo gbọ́," ìyàwó mi fèsì. "Ọjọ́rú ni, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kò ní lè yí i padà."

A já a sílẹ̀ ní Obiagu. Mo dúró kí n lè rí i pé ó fò títì, ṣùgbọ́n ó tún dúró létí gọ́tà, ó tẹrí ba sórí fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò méjèèjì. Ẹnì kan ti kọ̀wé láti Ìlọrin, ó fẹ́ mọ̀ bóyá omi gbígbóná wà.